Ohun Tó Gbé Sákéù Gun Igi

Bíbélì kíkà: Lúùkù 18:35–43, 19:1–10

Ọkùnrin méjì ni Lúùkù sọ ìtàn wọn tẹ̀ léra ní ọ̀nà Jẹ́ríkò. Ọ̀kan jẹ́ afọ́jú, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣagbe. Èkejì jẹ́ olórí agbowó òde, ó lówó, ó sì kúrú. Bí a bá fi ojú ayé wò wọ́n, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀: ọ̀kan ń tọrọ jẹ, iṣẹ́ tí èkejì ń ṣe sì ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní olè. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà kà. Afọ́jú yẹn gbọ́ ìró èrò tó ń kọjá, ó sì béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Sákéù gbọ́ pé Jésù ń la ìlú kọjá, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí irú ẹni tí í ṣe. Ìbéèrè ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ èrò ló sì dí àwọn méjèèjì lọ́nà. Wọ́n ní kí afọ́jú pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn wọn ṣe ògiri fún Sákéù.

N kò rò pé èrò ọ̀nà Jẹ́ríkò burú. Àjọ Ìrékọjá ti sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù láti lọ sin Ọlọ́run, Jésù gan-an ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ohun tó ṣe wọ́n ni ohun tó máa ń ṣe àwùjọ. Wọ́n ti mọ ẹni tó yẹ kó sún mọ́ iwájú àti ẹni tí kò yẹ. Alágbe kò gbọdọ̀ pariwo. Agbowó òde kò gbọdọ̀ dé ibi tí ọmọlúwàbí dúró sí. Kò sí ẹni tó lu agogo kéde rẹ̀. Gbogbo ènìyàn kàn mọ̀ ọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ ni agbára àwùjọ ṣe rí. Kì í sábà fi ọ̀pá lé ènìyàn. Ó kàn máa ń dúró síbi tó dúró sí ni, ẹni tó bá kúrú kò sì ní ríran.

Ẹ wá wo ohun tí Sákéù ṣe. Ó sáré. Àwọn baba wa ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Kò sí ejò tó ń lé Sákéù lọ́jọ́ náà. Òun ló ń lé nǹkan. Ó sáré ṣíwájú gbogbo èrò, ó dé ìdí igi síkámórè kan, ó gùn ún. Ìbátan ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ wa ni igi yìí, ẹ̀ka rẹ̀ kì í jìnnà sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń gùn ṣeré ni. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá àgbà kan ní ilé iṣẹ́ owó orí, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ tí wọ́n sì ń bẹ̀rù, kó ká agbádá sí èjìká lọ́sàn-án gangan, kó máa fi àyà fa ara rẹ̀ gun igi lójú ọjà. Ìròyìn náà á ti dé ilé àna rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín àwọn Júù ìgbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín tiwa, iyì àgbà wà nínú ìrìn rẹ̀, ẹni ńlá kì í sáré ní gbangba. Sákéù fi iyì yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀ igi.

Kí ló ń lé? Lúùkù kò sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Kò sọ pé ó yàgàn, tàbí pé ó jẹ gbèsè, tàbí pé ẹ̀rí ọkàn ti ń dá a lóró lóru. Ó ṣeé ṣe kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí Lúùkù kọ sílẹ̀ ni pé ọkùnrin náà fẹ́ rí Jésù, kó mọ ẹni tó jẹ́. Ìfẹ́ àtimọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì gún mi lọ́kàn, nítorí pé a kì í sábà ka irú rẹ̀ sí nínú ìjọ. Bí a bá pe àwọn ènìyàn síwájú láti jẹ́rìí, ẹkún la máa ń gbọ́ kí ìdáhùn tó dé: àìsàn tí dókítà sọ pé kò gbóògùn, ọmọ tí wọ́n wá títí, ilé ẹjọ́, ìwé ìrìnnà tí kò jáde. A dúpẹ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la gbọ́ ẹ̀rí tó bẹ̀rẹ̀ pé, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni? Ẹni tó bá wá pẹ̀lú omijé, a máa ń gbà á mọ́ra. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ìbéèrè, ojú kan báyìí ni a fi máa ń wò ó.

Ọlọ́run kò wò ó bẹ́ẹ̀. Mósè ń da ẹran àna rẹ̀ Jétírò nínú aginjù nígbà tó rí igbó tó ń jó tí kò sì jóná. Ó lè kọjá lọ. Ẹran wà níwájú rẹ̀, oòrùn mú, iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó pinnu pé òun á yà kúrò lọ́nà láti lọ wo ìdí tí igbó náà kò fi jóná. Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù orí kẹta, ẹ ó rí i pé ìgbà tí Olúwa rí i pé ó yà lọ wò ó ni Ó tó pè é ní orúkọ, lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Sákéù. Jésù dé ìdí igi, Ó gbójú sókè, Ó sì pe orúkọ ọkùnrin tí a kò kà pé Òun bá pàdé rí. Nínú gbogbo èrò ọjọ́ náà, orúkọ kan ṣoṣo ni Lúùkù kọ sílẹ̀ pé Jésù pè, orúkọ ẹni tó yà kúrò nínú èrò nítorí pé ó fẹ́ mọ̀.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé kí a kọ ẹbí sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó lè dìde sọ pé òun nìkan ló tọ́ ara òun. Ẹ̀gbọ́n kan san owó ilé ìwé. Àǹtí kan gba ọmọ sọ́dọ̀ ní Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá wa dá àjọ, wọ́n sì gbé ti oṣù yẹn fún wa kó tó kàn wá. Bí òkú bá sùn, kì í ṣe àdúgbò nìkan ló ń wá, àwọn tí a kò mọ̀ rárá máa ń wá. Ẹni tó bá gbé ní ìlú tí ènìyàn ti ń kú sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí aládùúgbò tó mọ̀, á mọ iyì ohun tí a ní.

Síbẹ̀ ibì kan wà tí àjọṣe ti ń di ògiri. Ọmọ béèrè nǹkan, wọ́n dá a lóhùn pé, “Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́n ni?” Ọmọbìnrin sọ pé òun fẹ́ lọ kọ́ nípa ìràwọ̀ tàbí nípa àwọn kòkòrò, gbogbo ilé pé jọ lé e lórí: nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe ní ìdílé yìí, kò gbọdọ̀ kó ìtìjú bá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí i nínú Bíbélì pé Mátíù àti Lúùkù kò to ìran Jésù bákan náà, ó mú un tọ àwọn àgbà ìjọ lọ, wọ́n ní Èṣù ló ń lò ó. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣíwọ́ ríronú. Á kàn ṣíwọ́ bíbéèrè lọ́wọ́ wa ni. Á lọ béèrè níbòmíràn, lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí kò bá sì lọ, á dúró láàárín wa, á máa wí pé àmín pẹ̀lú ẹnu, ọkàn rẹ̀ á ti jáde. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé àwa àgbà máa ń pe irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Àwọn baba ńlá wa kò tọ́jú ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìsọmọlórúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹbí á pé, ìyá bàbá á mú orúkọ wá, ìyá ìyá á mú tirẹ̀ wá, wọ́n á fi owó sí inú omi, wọ́n á sì fún ọmọ ní oríkì tí wọ́n á máa fi kì í títí ayé rẹ̀. Agbo ilé odidi kóra jọ láti sọ ẹnì kan di ara rẹ̀. Kódà àwọn ìbejì, tó jọ inú kan wá lọ́jọ́ kan, kì í jẹ́ orúkọ kan náà. A sì gbà pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò ṣíwájú kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Àwùjọ tó ń ṣe èyí mọ̀ pé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bí a bá wá dé ibi tí a ti ń na ọmọ nítorí pé ó béèrè nǹkan, a kò lè sọ pé àṣà ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí mo bá ń ka ìtàn Sákéù. Samuel Johnson ni. Ìlú Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846, ọmọ ìran Ọ̀yọ́ tí òwò ẹrú fọ́n ká. Ní 1858 bàbá rẹ̀ kó ìdílé wá sí Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ajíhìnrere CMS. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́, ọmọ náà sì rí ìyàn àti ìpayà nígbà tí kò tíì dàgbà tán. Ó di olùkọ́, ó di àlùfáà, láti 1887 ó sì ń ṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, ó gbé lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ sí Èkó. Ní 1886, òun àti Charles Phillips wà lára àwọn tí gómìnà Èkó rán lọ sí ibùdó ogun láti wá àlàáfíà. Ìgbésí ayé yẹn ti tó ẹnì kan. Kò sí ẹni tó ń retí ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó wàásù, kó ṣèrìbọmi, kó kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ ìtàn àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ẹni tó ṣáájú bàbá bàbá wọn. Nítorí náà ó lọ jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, àwọn tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ láti pa ìtàn àwọn Aláàfin mọ́ sórí. Ó tọ Lágúnjù, Tìmì Ẹdẹ, lọ, ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí tó sì gbọ́n nínú ìtàn. Àlùfáà CMS, ọ̀dọ̀ arọ́kin! Ó gba ìgboyà, nítorí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn ń sá fún ohunkóhun tó bá rùn mọ́ kèfèrí, àwọn ará ààfin náà sì lè máa wò ó bí ọmọ òyìnbó. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ló mú un dúró láàárín méjèèjì, níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ rí ẹlẹgbẹ́. Ó sì ń yára, nítorí pé ó rí i pé àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà ń kú lọ.

Ní 1897 ó parí ìwé tó fi gbogbo ìtàn Yorùbá yìí kọ ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó sì fara balẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916 ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nínú ọkọ̀ ojú omi Appam; àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1921, ni ìwé náà jáde, ó lé ní ojú ewé 600. Àwọn kan ní ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ lónìí, inú ìwé rẹ̀ ló ti rí ohun tó ń jiyàn lé lórí. Ọkùnrin kan ló béèrè, odidi ìran ló ń jẹ ìdáhùn rẹ̀.

Èyí ló mú mi rí ohun kan nínú ìtàn Sákéù tí n kò fẹ́ kí ẹ fò. Sákéù gun igi kó lè ríran. Kò gùn ún kí wọ́n lè rí òun. Ìyàtọ̀ náà tóbi. Ayé òde òní kún fún àwọn tó fẹ́ yàtọ̀. Wọ́n ń wá aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, ọ̀rọ̀ tí á ya ènìyàn lẹ́nu, kí a lè máa pe orúkọ wọn. Ẹni tó ń wá ìyàtọ̀, ara rẹ̀ ló ń wò, ó sì nílò èrò ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé láìsí òǹwòran kò sí nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ kò wo ara rẹ̀ rárá. Nǹkan mìíràn ló tẹjú mọ́. Ó ń lọ, ó ń lọ, ìgbà tó bá bojú wẹ̀yìn ló tó rí i pé òun nìkan ló kù lójú ọ̀nà yẹn. Johnson kò jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ dá yàtọ̀ láàárín àwọn àlùfáà. Ó fẹ́ mọ ẹni tó jọba lẹ́yìn ẹni tó jọba. Sákéù kò fẹ́ di ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Jẹ́ríkò. Ó fẹ́ rí Jésù.

Èmi kò pe ojúmìító ní ìfẹ́ àtimọ̀ o. Ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé láti mọ iye owó tí aládùúgbò rẹ̀ kó wọlé, kò kúrò láàárín èrò rí, èrò gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́.

Jésù ní kí Sákéù yára sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: Ó lè bá a sọ̀rọ̀ lórí igi níbẹ̀, kí Ó sì máa bá ọ̀nà Rẹ̀ lọ. Ó ní ilé rẹ̀ ni Òun máa dé sí. Gbogbo èrò kùn. Kí wọ́n kùn, ó yé mi, nítorí pé owó wọn wà lára ilé yẹn. Nígbà náà ni Sákéù dìde, ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti àwọn tálákà, àti pé ẹni tí òun bá fi èrú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni òun á fi san án. Ẹni tó bá mọ òfin Mósè á rí i pé ó ju ohun tí òfin béèrè lọ. Nínú ìwé Númérì orí karùn-ún, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ á dá owó padà, á sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Ìlọ́po mẹ́rin wà nínú Ẹ́kísódù 22 fún ẹni tó jí àgùntàn tó sì ti pa á tàbí tà á. Sákéù yan èyí tó wúwo fún ara rẹ̀, kò sì sí adájọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí Jésù ka ọkùnrin náà mọ́ ìran Ábúráhámù lójú gbogbo wọn. Ẹni tí àwùjọ ti lé jáde pẹ̀lú ojú, Ó dá a padà sínú ẹbí.

Bóyá opó kan wà ní Jẹ́ríkò tí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn tó sì rí owó tó ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Bóyá òun náà wà lára àwọn tó dí Sákéù lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní òwúrọ̀ yìí, ìbéèrè wo lẹ ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ohun tí ará ilé á wí? Ó lè jẹ́ nípa Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ nípa iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń yún láti ṣe, tàbí nípa ìtàn kan nínú ìdílé yín tí gbogbo ènìyàn ń yí ojú kúrò níbẹ̀. Bí àgbà kan tó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un lónìí, kí ẹ bi í. Ọ̀wọ̀ kò dí ìbéèrè lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì jẹ́ àgbà tí wọ́n máa bi ní nǹkan kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ wá a.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ tí a kò lè rí ìdí ọgbọ́n Rẹ, dárí jì wá fún gbogbo ọmọ tí a ti pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù ìdílé rẹ̀ ní ìgboyà, má sì jẹ́ kó kórìíra wọn. Bù kún àwọn olùkọ́ tó ń fara da ìbéèrè. Ṣí ilẹ̀kùn ìjọ wa fún àwọn tó fẹ́ mọ̀, àní bí wọn kò bá tíì gbàgbọ́, kí wọ́n bá wa jókòó, kí wọ́n sì bá wa jẹun. Ní orúkọ Jésù. Àmín.